Òkúta ni Mo Wí, Òkú ni Wọ́n Gbọ́

Ọmọ Ìgbẹ̀ìn ni mí, ní Abẹ́òkúta. Abẹ́ òkúta ni wọ́n bí mi sí, abẹ́ òkúta ni mo ti dàgbà, òkúta náà ni mo sì tún lọ bá ní ìlú òyìnbó. Ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ìtìjú wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìtìjú bá sì wà nínú rẹ̀, a kì í kù gìrì sọ ọ́.

Nílé, Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Adìgbẹ ni mo kọ́lé sí, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ mo ti wà lójú ọ̀nà, mo ti ká táì mi sínú àpò kí ó má baà rún kí n tó débẹ̀. Mo ní ọ́fíìsì tèmi, orúkọ mi wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, á kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, á sì dúró dìgbà tí mo bá ní kó wọlé.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ìyá àwọn ọmọ mi sì ti lọ, ilé Adìgbẹ wá ń dún hooro. Ọmọ mi Fúnmi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní apá òkè ilẹ̀ Scotland, ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Òtútù, wọ́n ti sọ fún mi. Oòrùn ni. Mo jẹun ọ̀sán tán, mo ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Mo dìde fìrì, mo rò pé mo ti sùn di alẹ́. Fúnmi ní, "Dádì, ẹ ò sùn. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ìkejì ni dídákẹ́ wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀ lédè wọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo délé mo ròyìn fún Fúnmi, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Dádì, wọn kì í kí ara wọn nínú bọ́ọ̀sì."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú rẹ̀?"

"Wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ ni."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ọjọ́ púpọ̀. Ní ti wa, ẹni tó ń lọ síbi tó ń lọ tí kò kí ẹnikẹ́ni, a máa ń tọpa rẹ̀ wò bóyá orí rẹ̀ pé.

Mi ò lè jókòó kí ọmọ máa bọ́ mi, nítorí náà mo wáṣẹ́. Èyí tí mo rí ni ilẹ̀ nínù ní mùsíọ́mù ìlú náà, ibi tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ pa mọ́ sí. Wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀pù, wọ́n fún mi ní ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì kọ orúkọ mi sára nǹkan pẹlẹbẹ kan pé kí n fi kọ́ àyà. Nílé, ara ilẹ̀kùn ni orúkọ mi wà. Níhìn-ín, àyà ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè fi pè mí.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Àǹtí mi fún yín, nítorí òun lọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ìyá wa kú nígbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, Àǹtí mi sì di ìyá lójijì, ọmọge tí kò tíì mọlé ọkọ. Títí dòní, ilé bàbá wa ní Ìgbẹ̀ìn ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Dúpẹ́, tíṣà ni Dúpẹ́. Nígbà tí mo kéré, tí a bá se ẹja, Àǹtí mi á yọ egungun rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó tì í síwájú mi. Nígbà tí ojú tirẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, èmi ni mo ń yọ egungun fún un.

Òun nìkan ló kù láyé tó ń fi oríkì pè mí. Orúkọ mi wà nínú ìwé ìrìnnà, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ṣùgbọ́n "Àkànní" tèmi, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Bó bá ti pè é lórí fóònù báyìí, bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi lára ni, gbogbo òtútù ilẹ̀ yẹn á sá.

Nígbà tí mo gba iṣẹ́, ó pè.

"Àkànní! Dúpẹ́ ní o ti rí iṣẹ́. Iṣẹ́ kí ni?"

Mo wo mọ́ọ̀pù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Iṣẹ́ ìjọba ni, Àǹtí mi."

"Iṣẹ́ ìjọba òyìnbó! A dúpẹ́ o! Dúpẹ́, o gbọ́? Ìjọba ló gbà á!"

Irọ́ kọ́. Ìjọba ìlú ló ni mùsíọ́mù náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí èèyàn fi bo òótọ́ mọ́lẹ̀, kí ni ká ti máa pè é? Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Àǹtí mi dìde láàrin Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n bá òun yọ̀.

*

Yàrá kan wà nísàlẹ̀ mùsíọ́mù náà tí àwọn èrò ìwòran kì í dé. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n lọ nu ibẹ̀, mo bá ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi. Ó tẹ orí ba lábẹ́ iná, ó ń fi abẹ́rẹ́ họ òkúta pẹlẹbẹ kan. Moira ni orúkọ rẹ̀. Mo pè é ní Madam, ó ní Moira ni òun. Òun náà ka àyà mi, ó pe orúkọ mi gbọn-ọn, láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Èdè wọn kò ní "ẹ" tí à ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà. "O" ni gbogbo wọn.

Mo ní, "Kí lẹ̀ ń wá nínú òkúta?"

Ó ní, "Ẹja."

Mo rò pé èdè òyìnbó ń tan etí mi jẹ ni. "Ẹja? Nínú òkúta?"

"Sún mọ́ ibí, wò ó."

Ẹja ni lóòótọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó dúdú, ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò nínú omi. Egungun bo orí rẹ̀ bí akoto àwọn ọlọ́kadà. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé, sí òkè kan tí àgùntàn ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní adágún omi ni gbogbo ibẹ̀ rí, adágún ńlá, kí ó tó di pé èèyàn wà láyé.

Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́. Mo ní, "Orúkọ ìlú mi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Abẹ́ Òkúta."

Moira rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé ará ìlú kan náà ni ìwọ àti ẹja yìí."

Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ pé kí n gbìyànjú. Mo fi mọ́ọ̀pù ti ara ògiri. Mo tẹ orí ba. Ara òkúta le, egungun náà ẹlẹgẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Moira wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní iṣẹ́ yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Lórí àwo ọbẹ̀."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wá máa ran òun lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n gba òkúta bí wọ́n bá ti kó o dé láti orí òkè, kí n fọ̀ ọ́, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn ẹrẹ̀ àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, kí n sá a títí yóò fi gbẹ, kí Moira tó bọ́ sórí rẹ̀. Nígbà tó yá ó ń jẹ́ kí n dá tú ẹja sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo dá tú àkọ́kọ́, láti orí dé ìrù, láìṣẹ́ egungun kankan, ó pe àwọn yòókù wá wò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, mo ní eruku ni.

*

Moira kọ́ mi bí a ṣe ń ka òkúta. Ó ní kí n má wo iwájú rẹ̀ nìkan, kí n wo ẹ̀gbẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́, òkúta náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ewé lórí ewé, bí Bíbélì bàbá mi. Ìlà kan dúdú, ìlà kan mọ́. Ó ní bí adágún náà ṣe kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn: ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí omi kún, ìgbà tí omi fà. Bí egungun ẹja kò bá tú ká, ó túmọ̀ sí pé omi ìsàlẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ìgbì tó dà á rú, kò sì sí ohun abẹ̀mí kankan nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó máa jẹ ẹ́. Bí ẹja púpọ̀ bá sì sùn sórí ewé kan náà, ọjọ́ burúkú kan ló kọlù wọ́n pa pọ̀: omi tí kò ní afẹ́fẹ́ ló ru sókè láti ìsàlẹ̀, ó sì fún wọn lọ́rùn.

Mo rò ó. Odò tó ń ṣàn, bí Odò Ògùn tiwa, kì í tọ́jú òkú rẹ̀. Ó ń gbé e lọ ni. Omi tó dúró sójú kan ló ń tọ́jú òkú.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni èyí. Mo ní, "Ìlà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ̀ẹ̀rùn wo? Mi ò tíì rí ẹ̀ẹ̀rùn níbí láti ìgbà tí mo ti dé."

Moira ní, "Ilẹ̀ yìí kò sí níbí nígbà náà. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé inú òtútù."

"Ilẹ̀ ló rìn?"

"Ilẹ̀ ló rìn."

Bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo ń rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹní àlejò. Ilẹ̀ tí mo ti ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọn kò pè, ẹni tó tibi oòrùn wá ni òun náà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé. Ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n, kí n má purọ́ fún yín, ìtùnú ọ̀hún kò nípọn tó kóòtù. Mo délé, òtútù ṣì ń mú mi.

Mo wá di ẹni tó ń kí àwọn ẹja náà. Bí mo bá ti dé yàrá náà láàárọ̀, mo máa ń ní, "Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé." Àgbà tó ti rí irú ìgbà tí wọ́n ti rí, mi ò lè wọlé bá a kí n má kí i. Àwọn náà kò dáhùn. Ṣùgbọ́n wọn kò fa báàgì mọ́ra.

*

Ọ̀sán Sunday kan, Àǹtí mi pè. Ohùn rẹ̀ ń dùn bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Àkànní, àwọn ìyá ń da ìbéèrè bò mí. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba wo ni. Ṣé kóòtù ni àbí báńkì ńlá? Mo ní mà á bi ọ́."

Mo wo ọwọ́ mi. Eruku òkúta wà lábẹ́ èékánná mi, kì í tán. Mo rántí ilẹ̀kùn tí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Mo rántí gbogbo owó ilé ìwé tí obìnrin yìí ti gbààwẹ̀ lé lórí kí n lè di Ọ̀gá. Mo ní kí n tilẹ̀ sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Àǹtí mi, mò ń fọ òkúta."

"Ò ń ṣe kí ni?"

"Mò ń fọ òkúta."

Mo ń gbọ́ àkùkọ tó ń kọ ní àgbàlá wọn ní Ìgbẹ̀ìn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á ṣàánú wa," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo ní, ó tán. Òkúta fífọ̀ ti dójú ti Àǹtí mi.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè é, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni. Ṣé dáadáa lẹ wà?" Ọ̀gbẹ́ni! Èmi tí ó ti fi omi ẹ̀kọ bọ́! Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá agbowó-orí sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù láti pè é. Mo wà láàrin àwọn tó ń fi orúkọ lásán pè mí, ẹni kan tó ní orúkọ mi gan-an lẹ́nu sì ti gbé e mì.

Dúpẹ́ ló tú àṣírí. Ó pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Dádì Adìgbẹ, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Ṣé òótọ́ ni pé òkú lẹ̀ ń wẹ̀ níbẹ̀?"

"Òkú kẹ̀?"

"Màmi ní ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn bi yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní ẹ̀ ń fọ òkú."

"Òkúta! Òkúta ni mo wí, Dúpẹ́! Òkú-TA!"

"Òkúta bí òkúta inú ilẹ̀? Dádì Adìgbẹ, ta ló ń fọ òkúta? Òkúta là ń fọ́, aṣọ là ń fọ̀, òkú là ń wẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà nílùú wa, a ti ń rí wọn láti kékeré, òòlù lọ́wọ́. Bí mo bá ní mò ń fọ́ òkúta, ìbá yé wọn. Bí mo bá ní mò ń wẹ òkú, ó yé wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé pé àwọn tó lọ sókè òkun, òkú òyìnbó ni wọ́n ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà jókòó ti omi àti búrọ́ọ̀ṣì, kí ó máa fọ òkúta bí ẹni fọ àwo, etí ọmọ Ẹ̀gbá kan kò gbọ́ ọ rí. Etí tí kò rí ohun tó mọ̀, ó mú èyí tó sún mọ́ ọn.

Mo ní, "Gbé fóònù fún un."

Mo gbọ́ ohùn Àǹtí mi lọ́ọ̀ọ́kán: "Sọ fún Ọ̀gbẹ́ni pé mò ń gbàdúrà."

Dúpẹ́ ní, "Dádì Adìgbẹ, àwọn súwẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ nítorí ọyẹ́, wọ́n ti kó gbogbo wọn sínú àpò ìrẹsì, wọ́n fi kámúfọ̀ tó ń lé kòkòrò sí i. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ wọ́n."

Mo ní kí ó ṣàlàyé fún un, pé ẹja ni, ẹja tó kú sínú adágún àtijọ́, tí ẹrẹ̀ bò, tí ẹrẹ̀ di òkúta. Ó ṣàlàyé. Èsì tí Àǹtí mi fi ránṣẹ́ wọ̀ mí lára ju ọyẹ́ lọ: "Kò sí ẹja nínú òkúta. Sọ fún un pé irọ́ kejì burú ju ti àkọ́kọ́."

*

Moira ló rí i pé mo ṣẹ́ egungun kan lórí iṣẹ́. Ó béèrè. Mo sọ ọ́ fún un, bó ṣe lè yé ẹni tí èdè rẹ̀ kò ní àmì ohùn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó sì gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó po pilásítà funfun, ó dà á sínú rọ́bà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ẹja àkọ́kọ́ tí mo tú sílẹ̀ láti gba àwòrán rẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ òkúta. Ẹja gan-an kò gbọdọ̀ kúrò ní mùsíọ́mù, ṣùgbọ́n èyí jọ ọ́ bí ìbejì. Ó ní, "Gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo padà dé Abẹ́òkúta nígbà ọyẹ́. Ìgbẹ̀ìn wà bó ṣe wà, páànù pupa, òkúta láàrin ilé. Àǹtí mi jókòó sí ìloro, ó fi ìborùn bo èjìká, ojú rẹ̀ ti funfun díẹ̀ sí i.

"Ta nìyẹn?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi pẹ̀lú ewú. "Èmi ni, Àǹtí mi."

"Ẹ dìde, Ọ̀gbẹ́ni. Dúpẹ́, bu omi fún wọn kí wọ́n fọ ọwọ́."

Dúpẹ́ wò mí bí ẹni pé kí n má bínú. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá mi, bí ẹni tó ti itẹ́ òkú dé. Omi náà tutù. Kò sí ibi tí ìtìjú ti mú mi tó ibẹ̀ rí, ì bá à jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ì bá à jẹ́ lórí mọ́ọ̀pù.

Àǹtí mi ní, "Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà burú. Ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Iṣẹ́ ìjọba tí ẹ jẹ́ kí n lọ kígbe rẹ̀ ni."

Dúpẹ́ kò lè mú un mọ́ra. "Dádì Adìgbẹ, ẹ ò mọ ohun tí Màmi ṣe. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ní òun gbọ́ pé àbúrò wọn ń wẹ òkú òyìnbó. Màmi dìde, wọ́n ní, 'Ó ń wẹ̀ wọ́n. Kò jalè. Ṣé kí wọ́n sin wọ́n tìdọ̀tí-tìdọ̀tí ni? Ìwọ náà, tí o bá kú, ṣé wàá dìde wẹ ara rẹ?' Gbogbo wọn dákẹ́ wẹ́lo."

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi tẹ̀. Obìnrin yìí gbé òkú tí kì í ṣe tèmi rù mí, ó sì tún dúró gbèjà mi pẹ̀lú rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Èmi tí òkúta lásán wà lọ́wọ́ mi, n kò lè gbé e sókè kí ẹni kan ṣoṣo rí i.

Mo ní, "Àwọn súwẹ́tà ńkọ́, Àǹtí mi? Ṣé ẹ̀gbin ni wọ́n?"

"Ẹ̀gbin báwo? Mo ṣe bí ara àwọn òkú lo ti bọ́ wọn. Bí àwọn ẹbí wọn bá wá béèrè ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀."

Kò mọ̀ pé òun ti pè mí ní "o". Mo tú ẹja kúrò nínú aṣọ tí mo fi wé e, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

Ó fi ìka wá a kiri. Ó bá orí rẹ̀ tó le. Ó bá ìpẹ́ rẹ̀, ó tọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo kéré, títí ó fi dé ìrù. Ó padà sí ẹnu rẹ̀ tó là.

"Ẹja ni," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Òun lò ń fọ̀?"

"Ìbejì rẹ̀ nìyí, Àǹtí mi. Òun ni mò ń fọ̀."

"Kí ló pa á?"

"Omi adágún tó ń gbé ló bàjẹ́. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ló kú lọ́jọ́ kan náà."

"Àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò ràn wọ́n lọ́wọ́?"

"Kò tíì sí èèyàn nígbà náà."

Ó mi orí. Ó tún fi ọwọ́ pa ẹja náà lára, bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Lẹ́yìn náà mo rí i tí ẹ̀rín ń bọ̀ ní igun ẹnu rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ó ti kú."

"Ó ti kú o, Àǹtí mi. Ó ti pẹ́."

"Ìyẹn ni pé òkú ni."

"Òkú ni."

"O sì ń fọ̀ ọ́."

"Mò ń fọ̀ ọ́."

"Dúpẹ́!" Ó kígbe bí ọmọdébìnrin. "Dúpẹ́, o gbọ́? Mo ní kò sóhun tó ṣe etí mi! Ìwọ lo ní kí n lọ rí dókítà etí!"

Dúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà nínú ẹ̀rín tèmi. Àǹtí mi na ọwọ́, ó wá ọwọ́ mi kàn, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra abẹ́ èékánná mi níbi tí eruku òkúta wà.

"Kì í ṣe fóònù ló gé ọ̀rọ̀ rẹ," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré, bí ojú bá ti ń tì ọ́, wàá gbé ìdí ọ̀rọ̀ mì. 'Mo fọ́ àwo' á di 'mo fọ́ à'. Gbogbo ilé á máa wá à kiri."

Ó rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe fóònù lọ́jọ́ náà, ó ń dún gaara débi pé mo gbọ́ àkùkọ.

Ó ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń fọ òkúta."

"Mi ò gbọ́. Àwọn ará ilé kejì náà kò gbọ́."

Mo gbé ohùn sókè. "Mò ń fọ òkúta!"

"Mò ń gbọ́ òkú. 'Ta' dà, Àkànní?"

Mo ní, "Ta."